Akéde Pápá Eré Ẹṣin àti Irú Ènìyàn Tí Iṣẹ́ Náà Yẹ

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òótọ́ ni òwe náà fún ẹṣin, òótọ́ sì ni fún ọmọ ènìyàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tí ó dúró lẹ́yìn ọgbà ńkọ́, àwọn tí kò rí ti iwájú tí wọn kò sì rí ti ẹ̀yìn? Ta ni yóò wí fún wọn èwo nínú àwọn ẹṣin náà ni ó ṣíwájú? Ẹnìkan wà tí a yàn sí iṣẹ́ náà. Òun ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa jíròrò lé lórí lónìí, nítorí a ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohùn dídùn àti ariwo púpọ̀ ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ akéde pápá eré ẹṣin ń béèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Eré ẹṣin kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba iwájú Tafawa Balewa Square kọjá ní Èkó yóò rí ère ẹṣin funfun mẹ́rin ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Lórí ilẹ̀ náà ni pápá eré ẹṣin Èkó wà ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni a gbé àsíá òmìnira Nàìjíríà sókè ní ọdún 1960, kí a tó sọ ibẹ̀ di gbàgede ńlá ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ rí iṣẹ́ akéde yìí níbi tí ó ti gbó, àfi kí a rékọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni a ti kọ ìtàn àwọn akéde sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún, tí a fi lè rí ohun tí ó gbé ọ̀kan ga àti ohun tí ó gbé òmíràn ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Akéde a máa wà nínú yàrá kékeré kan ní òkè téńté, lókè orí àwọn èrò. Awò tí a fi ń wo òkèèrè wà ní ojú rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì wà ní ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ẹṣin bá ti ṣí títí wọn ó fi dé òpin, òun ni yóò máa dárúkọ wọn ní ẹsẹẹsẹ: èyí tí ó wà níwájú, èyí tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, èyí tí ó ṣubú. Nígbà tí wọ́n bá wà ní òdìkejì pápá, ẹṣin kò ju ewúrẹ́ lọ lójú ẹni tí kò ní awò. Nínú eré Grand National tí a ń sá ní Aintree, lẹ́bàá ìlú Liverpool, ọ̀nà náà lé ní máìlì mẹ́rin, odi tí àwọn ẹṣin yóò sì fò jẹ́ 30. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹṣin 40 ni a ń gbà láàyè láti sá a pọ̀, kí a tó dín wọn kù sí 34 ní ọdún 2024. Ojú wo ni yóò rí gbogbo èyí tán?

Ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1927 ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ròyìn Grand National fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹṣin tí ń jẹ́ Sprig gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ọdún 1952 ni a tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ròyìn eré fún àwọn tí ó wà lórí pápá fúnra wọn ní ilẹ̀ náà, ní Goodwood. Èyí ni pé fún ọdún 25, ẹni tí ó jókòó sínú ilé rẹ̀ ní ìlú òkèèrè mọ bí eré ti ń lọ ju ẹni tí ó san owó wọlé, tí ó sì dúró nínú òjò. A lè fi èyí mọ̀ pé níbi tí kò bá ti sí akéde, ojú nìkan kò tó.

Njẹ́ àwọn wo ni wọ́n ń tẹ́tí sí i? Kì í ṣe olówó ẹṣin nìkan, kì í sì ṣe àwọn ọlọ́lá tí ó jókòó sábẹ́ ìbòji. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn ènìyàn tí ó fi owó díẹ̀ lé ẹṣin kan, tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì wà ní ọwọ́ wọn. Bí akéde bá pe orúkọ ẹṣin mìíràn ní òpin eré, ẹlòmíràn lè fa tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ya kí ó sì jù ú sílẹ̀, láìmọ̀ pé òun ni ó jẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu akéde ti di owó kí ó tó balẹ̀. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Ohun kìíní tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ akéde rere, nítorí náà, ni ìmúrasílẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹṣin ni ó fi ń mọ̀ wọ́n. Bí ẹṣin pupa 15 bá ń sáré pọ̀, ta ni yóò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Aṣọ tí àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀ ni ó ń wò. Olúkúlùkù olówó ẹṣin ni ó ní àwọ̀ aṣọ tirẹ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀: ti ẹnìkan lè jẹ́ funfun tí ó ní ìlà pupa, ti ẹlòmíràn dúdú tí apá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bí ẹnìkan bá sì ní ẹṣin méjì nínú eré kan náà, fìlà ni a ó fi mọ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akéde a máa fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ya àwọn aṣọ wọ̀nyí sínú ìwé kí ilẹ̀ eré tó mọ́, wọn a sì máa kọ́ wọn sórí bí ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ́ ìsirò. Ní Amẹ́ríkà, eré mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni a lè sá ní pápá kan láàárín ọjọ́ kan. Bí eré kan bá ti parí, akéde ní láti gbàgbé gbogbo ohun tí ó kọ́, nítorí aṣọ kan náà lè jáde lórí ẹṣin mìíràn nínú eré tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò lè gbàgbé kò lè ṣe iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lè rántí kò ti lè ṣe é. Bí òjò bá sì rọ̀, tí ẹrẹ̀ bá bo gbogbo aṣọ, àfi ẹni tí ó ti mọ ìrìn ẹṣin àti ìjókòó ẹlẹ́ṣin ni yóò mọ ohun tí yóò sọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Aintree ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1967. Ẹṣin 44 ni ó ṣí. Ilé-iṣẹ́ BBC fi àwọn akéde sí oríṣiríṣi ibi lórí ọ̀nà náà, ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tí ń jẹ́ Michael O'Hehir sì wà ní apá ibi tí odi 23 wà. Odi náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kéré jù lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹṣin dé ibẹ̀, ẹṣin kan tí kò ní ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn mọ́, Popham Down ni orúkọ rẹ̀, yà gba iwájú odi náà kọjá. Àwọn tí ó ṣíwájú dúró lójijì, àwọn ti ẹ̀yìn rọ́ lù wọ́n. Ẹlẹ́ṣin fò sọdá odi láìsí ẹṣin, ẹṣin yí padà láìsí ẹlẹ́ṣin. Gbogbo rẹ̀ di gìdìgìdì bí ọjà tí iná sọ nínú rẹ̀. Nínú rúkèrúdò yìí ni ẹṣin kan ti yọ láti ẹ̀yìn pátápátá. Ó ti jìnnà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gùn ún fi ráyè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó wá ààyè, ó fo odi náà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Foinavon ni. Ẹni tí ó bá fi ṣílè kan lé e ní ọjọ́ náà yóò jẹ èrè ṣílè 100, nítorí kò sí ẹni tí ó kà á sí. Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá kò wá. Ó wà ní Worcester pẹ̀lú ẹṣin mìíràn.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, O'Hehir ti pe orúkọ Foinavon, kò sì ṣì í pè. Àwọn tí ó gbọ́ ọ rò pé idán ni. Kì í ṣe idán. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni O'Hehir ti lọ sí yàrá tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń múra, tí ó ń wo aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí aṣọ kan tí kò mọ̀. Kò fi ojú fò ó. Ó tọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, ó sì bi í léèrè ẹṣin tí ó fẹ́ gùn. John Buckingham ni orúkọ ọkùnrin náà, ó sì dáhùn pé Foinavon ni. Ìbéèrè kékeré yìí ni ó gba akéde náà sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé dàrú. Foinavon fi ìwọ̀n gígùn ẹṣin 15 borí Honey End, odi náà sì ń jẹ́ orúkọ Foinavon títí di òní. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde.

Ohun kejì ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ahọ́n. Akéde tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kígbe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ni yóò kù fún un láti fi sọ òpin? Akéde rere a máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Orúkọ kọ̀ọ̀kan a máa jáde ní kedere, kò sì ní gun orí ara wọn. Bí eré bá ti ń súnmọ́ òpin ni ohùn rẹ̀ yóò máa gòkè. A máa wo ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀ràn ti máa ń wá. Ní ọdún 1973, ẹṣin kan láti Australia tí ń jẹ́ Crisp ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jìnnà réré ní Aintree, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò fi rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù fi ìwúwo pọ́n-ùn 23 ju ti Red Rum tí ń lé e bọ̀. Peter O'Sullevan ni akéde ní ọjọ́ náà. Bí Crisp ti ń sún mọ́ òpin, ó wí fún àwọn tí ń gbọ́ ọ pé ó ti rẹ ẹṣin náà, àti pé Red Rum ń bọ̀. Ní ìgbésẹ̀ ìkẹyìn gan-an ni Red Rum kọjá rẹ̀. Ohun tí ó fi borí kò tó gígùn ẹṣin kan. Ẹni tí ó bá ń wo iwájú nìkan kì bá ti rí i títí yóò fi pẹ́ jù.

Ohun kẹta ni àìṣojúsàájú, èyí tí ó ṣòro fún gbogbo ọmọ ènìyàn. O'Sullevan tí a dárúkọ yìí, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Ireland ní ọdún 1918, fi nǹkan bí 50 ọdún ṣe akéde fún BBC, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1997. Òun náà ní ẹṣin tirẹ̀. Ní ọdún 1974, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Attivo sá eré Triumph Hurdle ní Cheltenham, olówó ẹṣin náà ni ó sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa: owó yín, ẹṣin yín, ìdùnnú yín, ó ń bọ̀ níwájú gbogbo ẹṣin, ẹ̀yin ni ẹ sì ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìlú! Attivo jẹ. Ohùn O'Sullevan kò yí padà. Ó dárúkọ ẹṣin, ó dárúkọ olówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó fi ẹnu ti ẹṣin rẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ náà ni ó jẹ́rìí sí gbogbo ohun tí ó ti sọ láti ẹ̀yìn wá.

Ohun kẹrin ni òtítọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ní Amẹ́ríkà, Clem McCarthy ni olókìkí akéde ní ìgbà tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1938, nígbà tí Seabiscuit àti War Admiral pàdé ní pápá Pimlico, ní Baltimore, àwọn èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí McCarthy kò fi lè dé yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà pápá ni ó dúró sí, tí ó sì ti ibẹ̀ ròyìn bí Seabiscuit ti fi gígùn ẹṣin mẹ́rin borí. A ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 40 ènìyàn ni ó gbọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní pápá yìí kan náà, nínú eré Preakness ti ọdún 1947, àwọn èrò tí ó dúró sórí pèpéle kan dí i lójú nígbà tí àwọn ẹṣin ń yí kọ́nà ìkẹyìn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Nígbà tí ó tún rí wọn, ó rò pé Jet Pilot ni ó wà níwájú, ó sì pe Jet Pilot títí dé òpin. Faultless ni ó jẹ. Jet Pilot ṣe ipò kẹrin. Kí ni kí akéde ṣe ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀? McCarthy kò di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, kò di í ru àwọn èrò. Ó sọ fún àwọn tí ń gbọ́ ọ ní kíákíá pé òun ti ṣìṣe, ó sì dárúkọ ẹni tí ó jẹ ní tòótọ́. Àṣìṣe náà kò kúrò nínú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òtítọ́ tí ó pẹ́ díẹ̀ sàn ju irọ́ tí ó dúró.

Nítorí irú èyí ni akéde tí ó gbọ́n kì í fi gba ipò adájọ́. Láti ọdún 1947 ni a ti ń lo ẹ̀rọ ayàwòrán ní òpin pápá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ bí imú ẹṣin méjì bá dé pọ̀. Ní ọdún 1949, Derby pàápàá di ohun tí a fi àwòrán dá, kí a tó mọ̀ pé Nimbus ni ó borí Amour Drake. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ akéde ni kí ó sọ pé wọ́n dé pọ̀, kí olúkúlùkù di tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, kí a sì dúró de adájọ́. Ọ̀pọ̀ akéde ni kò fẹ́ràn láti sọ èyí, nítorí ó dàbí ẹni pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti tòótọ́, níbẹ̀ ni ó ti fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n.

Akéde kò sì gbọdọ̀ ṣe ohun tí ó bàjẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1993, Grand National ṣí ní àṣìṣe. Nínú ẹlẹ́ṣin 39, àwọn 30 kò mọ̀ pé a ti pè wọ́n padà. Àsíá tí ó yẹ kí ó dá wọn dúró kò hàn sí wọn. Wọ́n ń sá, wọ́n ń fò, méje nínú wọn sá a dé òpin, Esha Ness sì ṣíwájú wọn. A fagi lé gbogbo rẹ̀. O'Sullevan, tí ó ti lé ní 75 ọdún nígbà náà, kò ròyìn rẹ̀ bí eré. Bí àwọn ẹṣin ti ń sáré lọ́wọ́ ni ó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àjálù ni wọ́n ń wò. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìròyìn tí kò dé etí àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ni ó ba ọjọ́ náà jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Tom Durkin jẹ́ akéde ní àwọn pápá New York láti ọdún 1990 títí di ọdún 2014, láti ọdún 2001 sì ni ó ti ń ròyìn Kentucky Derby àti àwọn eré ńlá méjì tí ó tẹ̀ lé e fún ilé-iṣẹ́ NBC. Ní ọdún 2011, ó fi àwọn eré ńlá wọ̀nyí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba: àníyàn àti ìpayà tí ó ń bá a kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú méjì péré ni Derby, ẹṣin rẹ̀ a sì máa tó 20. Ẹni tí ó ń fi ìṣẹ́jú méjì jẹ́jọ́ níwájú mílíọ̀nù ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó yẹ kí a bá a kẹ́dùn. Àwa kò rò pé ẹ̀rù Durkin jẹ́ àbùkù. Akéde tí ẹ̀rù kò bà rí, ó ṣeé ṣe kí ó máà mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ, ẹ ó rí i pé a kò tíì sọ ohun púpọ̀ nípa ohùn dídùn. Ohùn dára, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n O'Hehir kò fi ohùn mọ Foinavon, ohùn kò sì ran McCarthy lọ́wọ́ ní Pimlico. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ akéde pápá ẹṣin kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn baba wa ń béèrè lọ́wọ́ akéde ọba tí ń lu agogo káàkiri ìlú: kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó jáde, kí ó jẹ́ ẹ bí a ti rán an, kí ó má fi tirẹ̀ kún un, kí ó sì padà lọ tún un ṣe ní gbogbo àdúgbò tí ó bá ti ṣì í jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iye owó ọjà láti ìlú kan dé èkejì, ẹ̀yin tí ìdílé yín rán lọ gbọ́ ẹjọ́, àwọn tí kò ríran dé ibi tí ẹ ríran dé ń dúró dè yín pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì wọn lọ́wọ́. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ẹ kò bá mọ aṣọ rẹ̀, kí ẹ tó ya ẹnu.